Ìtàn Ẹ̀yìn Ìparun Kì Í Ṣe Àlejò Nínú Èdè Yorùbá

Ó ti di àṣà lẹ́nu àwọn kan nínú àwọn tí ó ń kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá láti máa yọ ṣùtì sí irú ìtàn-àròsọ kan tí àwọn ọ̀dọ́ ń kà lóde òní. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti dá mọ̀. Ayé ti bàjẹ́ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀: ogun ti jó o, tàbí omi ti bò ó, tàbí àjàkálẹ̀ àrùn ti kó àwọn àgbà lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó ṣẹ́kù sínú ahoro, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ wá omi, oúnjẹ àti ibi ìsádi fún ara rẹ̀ kí ó tó mọ ẹni tí òun yóò dà. Àwọn olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn náà ní ìtàn òyìnbó ni. Wọ́n ní kò ní gbòǹgbò nínú èdè Yorùbá, àti pé bí òǹkọ̀wé Yorùbá kan bá dáwọ́ lé e, àwòkọ lásán ni yóò ṣe. Èrò yìí kò tọ̀nà rárá, ó sì ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ibi.

Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà àti àwọn tí òbí wọn ti Nàìjíríà lọ sí òkè òkun. Ní 2007 ni Nnedi Okorafor gbé The Shadow Speaker jáde, ìtàn ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ejii ní ilẹ̀ Niger ní ọdún 2070, lẹ́yìn tí ogun olóró ti yí ayé padà. Ní 2019 ni Tochi Onyebuchi gbé War Girls jáde, ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin méjì, Onyii àti Ify, ní Nàìjíríà ọdún 2172, nígbà tí àdó olóró àti ojú-ọjọ́ tí ó dàrú ti sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé di ibi tí ènìyàn kò lè gbé. Ogun Biafra ni ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 2024 ni Lost Ark Dreaming ti Suyi Davies Okungbowa tẹ̀lé wọn. Ti àgbà ni ìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ìparun náà ni ó dá lé: omi òkun ti kún bo etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó là á já sì ń gbé inú ilé gogoro márùn-ún tí omi ti bò dé ibì kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí. Èdè tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó jẹ̀bi ni ẹni tí ó ní èdè mìíràn lọ́wọ́, tí ó sì ń sọ fún àwọn ọmọ pé èdè náà kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan a sì fẹ́ gba Yorùbá sílẹ̀ nípa sísáré lọ bá D. O. Fágúnwà. Wọ́n á ní Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ìgbèjà yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àwọn ọdẹ Fágúnwà a máa lọ, wọ́n sì ń retí àtibọ̀. Ọba ni ó ń rán wọn níṣẹ́, ìlú wà lẹ́yìn wọn, ìbọn àti oògùn wà lọ́wọ́ wọn, àgbà sì ni wọ́n. Igbó ni ó ń dẹ́rù bani nínú ìtàn wọn. Ilé wà bí ó ti wà. Nínú ìtàn ẹ̀yìn ìparun, ilé gan-an ni ó di igbó. Kò sí ọba tí yóò ráni níṣẹ́, kò sì sí ibi tí ènìyàn yóò padà sí. Ẹni tí ó bá pa méjèèjì yìí pọ̀ kò tíì ka Fágúnwà dáadáa, kò sì tíì ka èkejì rárá.

Ibòmíràn ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ó wà nínú ìtàn Ifá tí ó sọ bí Ọ̀run àti Ilẹ̀ ṣe jọ ṣọdẹ, tí wọ́n sì jà nítorí emọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n rí pa. Ọ̀run bínú lọ sókè, òjò kọ̀ kò rọ̀, ohun ọ̀gbìn ràn mọ́lẹ̀, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ohun gbogbo tí ń mí run. Àwọn ẹyẹ tí wọ́n rò pé ó lágbára gbé ẹbọ títí, wọn kò gbé e dé ibi kankan. Igún, tí kò sí ẹni tí ó kà á sí, ni ó gbé e dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìtàn ìlàájá ti ń rí, kí ó wo ẹni tí ó gba ayé là nínú ìtàn yìí, kí ó sì wo ohun tí ayé fi san án fún un lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀: wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Bí ìtàn Ifá kò bá tẹ́ aláríwísí lọ́rùn, ìtàn gidi wà. Ayé Yorùbá ti parun rí, kì í ṣe àsọdùn. Láàárín nǹkan bí 1820 sí 1840, Òwu di ahoro, àwọn ìlú Ẹ̀gbá tú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, Ọ̀yọ́-Ilé tí ó ti ń pàṣẹ fún ọ̀pọ̀ ìran ṣófo, igbó sì bo ààfin rẹ̀. Abẹ́òkúta, tí wọ́n tẹ̀ dó ní nǹkan bí 1830 lábẹ́ Olúmọ, ibùdó àwọn tí ogun lé ni. Ìbàdàn, ibùdó àwọn ọmọ ogun ni, lórí ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn ti sá kúrò. Ìjàyè tú ní 1862. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò sì tán pátápátá títí di 1893. Díẹ̀ nínú àwọn ìlú ńlá tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sí ìlú àtayébáyé jẹ́ àgọ́ àwọn ogunléndé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò sì tíì pé 200 ọdún.

Láti inú ahoro yìí ni ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá kan ti jáde. Àjàyí ni orúkọ rẹ̀, Òṣogùn ni ìlú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní 1821, nígbà tí ìyá ń tọ́jú oúnjẹ àárọ̀, ogun ká wọn mọ́lé. Bàbá sáré wọlé láti ní kí wọ́n sá, ó padà sójú ìjà, ọmọ náà kò sì tún fojú kàn án mọ́ láéláé. Àwọn jagunjagun mú òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n fi okùn so àwọn ìgbèkùn mọ́ ara wọn bí ẹni so ewúrẹ́. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin. Olówó rẹ̀ ní ẹṣin náà kò wu òun, ó dá a padà, ó gba ọmọ. Wọ́n tún tà á, wọ́n tún un tà, títí tí kò fi sí ojú kan tí ó mọ̀ rí láyìíká rẹ̀. Ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já fún ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó lè kú, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á. Ní oṣù kẹrin 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí ní Èkó, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gba gbogbo wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàló. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25.

Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ ọmọ yìí ní Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ó ṣe ìwé gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ó sì túmọ̀ Bíbélì. Ìbéèrè ìdánwò nípa rẹ̀ kì í sì í sábà kọjá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó kọ ìtàn ìgbèkùn ara rẹ̀ sínú lẹ́tà kan ní 1837, kò sì sí ohun kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní ti òyìnbó lónìí tí kò sí nínú lẹ́tà náà: ìlú tí ó jóná, ọmọ tí kò ní àgbà lẹ́yìn, ọ̀nà tí kò lópin, èrò ikú, omi ńlá tí ojú kò rí rí, àti ẹni àjèjì tí a kò mọ̀ bóyá olùgbàlà ni tàbí ẹni tí yóò pani jẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni òun náà fi kọ ọ́, nítorí pé ẹni tí ó ń kọ̀wé sí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tí ó ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ Yorùbá lónìí kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò sì wọ́n nínú èdè náà. Ahoro, ogunléndé, ìgbèkùn, ìsáǹsá, ọ̀dá, ìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn: gbogbo wọn ti wà nílẹ̀, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rọ. Ẹni tí ó bá ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìparun, ó jẹ́ pé kò tẹ́tí nígbà tí àwọn àgbà ń ka ọdún ogun àti ọdún ìyàn.

Ẹ̀sùn mìíràn máa ń fara pamọ́ sábẹ́ èyí tí ó ṣáájú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà kò dára lẹ́nu, pé a kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi, pé yóò dẹ́rù ba ọmọ. Ìran tí ó ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó ń mú babaláwo dífá ọrọọrún, kì í ṣe ìran tí ó ń fi ojú pamọ́ fún ọ̀la. Àwọn ọmọ náà kò sì dúró de ìwé kí ẹ̀rù tó bà wọ́n. Ní ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìn-ín-ní 2002, ilé ìkóhun-ìjà-sí ti bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà gbiná, ìbúgbàù sì ń dún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ènìyàn sá láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀, tí ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn, sá kan ipa omi Òkè-Àfá nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi náà, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni, wọ́n sì kú sínú rẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Iye àwọn tí ó kú lápapọ̀ ju 1,000 lọ.

Ní òpin oṣù kẹta 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí gbogbo Èkó wà nílé nítorí àrùn kòrónà. Nínú oṣù kẹrin, ìbẹ̀rù àwọn ọmọ ìta kan tí wọ́n ń pè ní Àwáwà gba ìgboro láti Agége dé Alímòṣọ́. Àwọn ará àdúgbò ń dáná sun táyà ní ìkóríta, wọ́n ń fi òru ṣọ́ ojú ọ̀nà pẹ̀lú àdá àti pọ̀ǹpọ́, ọ̀dọ́ sì wà lára wọn. Ìdánwò WAEC tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kẹrin náà kò bẹ̀rẹ̀ títí di 17 oṣù kẹjọ. Ọmọ tí ó ti dúró lẹ́nu géètì lóru lọ́nà bẹ́ẹ̀, tí ó sì jókòó ṣe ìdánwò ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, ni olùkọ́ wá ń sọ fún pé ìtàn ìparun yóò bà á lẹ́rù jù.

Àríwísí tí ó wà lórí àwọn ìtàn Èkó tí omi gbé mì ni pé etí òkun nìkan ni wọ́n máa ń wò, Lẹ́kí àti Victoria Island. Òótọ́ ni pé ibẹ̀ ni omi yóò kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ibi tí omi dé kọ́ ni ìtàn ìlàájá ti ń ṣẹlẹ̀. Ibi tí àwọn tí ó sá fún omi dé ni. Àwọn yẹn yóò gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta, wọn yóò yà ní Dọ̀pẹ̀mú, wọn yóò sì rọ́ wọ Akówọnjọ, Ẹ̀gbẹ́dá, Ṣáṣá àti Ìpájà. Alímòṣọ́ tí wọn yóò rọ́ wọ̀ ti kún tẹ́lẹ̀: ìkànìyàn 2006 ka ju 1,200,000 ènìyàn lọ níbẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní iye náà kéré sí òótọ́. Àwọn Àwórì tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní agbègbè yẹn sì ń sọ ìtàn baba ńlá tí ó tẹ̀lé àwo lójú omi títí àwo fi rì, tí ó sì dúró síbi tí ó rì sí. Ibùdó ìtàn wo ni ó tún yẹ ju èyí lọ?

Bí òǹkọ̀wé kan bá fi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí Akówọnjọ lẹ́yìn ìparun, omi ni yóò kọ́kọ́ dá a lóró. Kànga ẹlẹ́rọ tí wọ́n ń pè ní bọ́hòlù ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé, ẹ̀rọ ni ó ń fa omi rẹ̀, iná mànàmáná tàbí jẹnẹrétọ̀ sì ni ó ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí epo bẹntiróòlù bá tán, omi wà nísàlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bù ú, nítorí ihò bọ́hòlù kò gba garawa. Ọmọ náà yóò wá kànga àtijọ́ tí àwọn onílé ti fi kọnkéré bò mọ́lẹ̀ nígbà tí bọ́hòlù dé, àwọn àgbà tí wọ́n ti kú ni wọ́n sì mọ ibi tí ó wà. Bí ó bá rí i, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ṣáláńgá wà nítòsí. Bí ó bá ṣí lọ sí ìhà Ìgàndò, níbi tí ààtàn Solous wà, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé omi tí ó ń jò láti inú ìdọ̀tí a máa wọ inú ilẹ̀ lọ bá kànga. Yóò jẹ́ kí omi tòrò, yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ, yóò sè é; igi ìdáná wá di ìṣòro mìíràn.

Oúnjẹ náà ní ìmọ̀ tirẹ̀. Gààrí a máa pẹ́ bí ọ̀rinrin kò bá kàn án, kòkòrò sì tètè ń jẹ ẹ̀wà. Ebòlò àti yánrin yóò hù lórí ilẹ̀ tí ènìyàn ti fi sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò béèrè owó wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti gé láti ọjà nìkan ni ó mọ̀ yóò rìn kọjá lórí wọn, ebi yóò sì máa pa á. Ewé tí ó lè fi bá ibà jà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ohun tí ó kù ni kí ó mọ èyí tí í ṣe òun. Orúkọ Yorùbá ni gbogbo ewé wọ̀nyí ń jẹ́ lẹ́nu àwọn tí ó mọ̀ wọ́n. Ọmọ tí kò bá gbọ́ orúkọ rí kò ní ohun tí yóò fi wá ewé. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, èdè kì í ṣe aṣọ tí wọ́n fi wọ ìtàn. Ó wà lára ohun tí ọmọ náà fi ń wà láàyè. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe èyí, bí ó ti wù kí ó dára tó.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣi èyí gbọ́. Bí òǹkọ̀wé bá kó ìbọn, yìnyín àti òkú tí ń rìn láti inú sinimá Amẹ́ríkà, tí ó sì fi orúkọ Yorùbá kùn wọ́n lójú, àwọn tí ń yọ ṣùtì yóò ní ẹjọ́ tí wọ́n lè rò. Ohun tí ó mú ìtàn jẹ́ ti Yorùbá ju orúkọ lọ. Kí aláríwísí rò ó wò: ọmọ márùn-ún pàdé nínú ilé ahoro kan ní Akówọnjọ. Èyí tí ó gbọ́n jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ, èyí tí ó dàgbà jù sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí kò mọ ohunkóhun ṣe. Ta ni yóò máa wí fún ta ni pé ‘ẹ’? Bí ọmọ ọdún méjìlá bá ń pàṣẹ fún ẹ̀gbọ́n, ṣé ‘o’ ni yóò fi pàṣẹ, àbí ‘ẹ’? Gbólóhùn kan ṣoṣo tí ó bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́nà òdì lè tú àgọ́ náà ká. Gẹ̀ẹ́sì kò ní ìṣòro yìí, nítorí náà kò ní ìtàn yìí.

Kí ó sì rò ó síwájú sí i. Ọmọ tí ó bá pòwe níwájú àgbà a máa tọrọ àforíjì, a ní tótó, ó ṣe bí òwe. Níbi tí kò ti sí àgbà mọ́, ta ni ọmọ náà yóò wí i fún? Bí ó bá ṣì ń wí i, ó gbà pé àgbà kan ṣì wà níbì kan. Ọjọ́ tí ó bá pòwe tí kò tọrọ àforíjì, ọjọ́ náà ni àwọn tí ó yí i ká yóò mọ̀ pé òun gan-an ti di àgbà. Òǹkọ̀wé tí ó bá lè kọ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ dáadáa kò nílò bọ́ǹbù kankan nínú ìwé rẹ̀.

Ní ti ìdánwò, àwáwí náà kò lágbára. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, tí Kọ́lá Akínlàdé sì gbé Owó Ẹ̀jẹ̀ jáde ní 1976, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n kọ kì í ṣe ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn. Ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀nà ìsọ̀tàn náà ti wá. Lónìí, olùkọ́ wo ni yóò pe Lápàdé ní òyìnbó? Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá bi ní ìbéèrè lórí ibùdó ìtàn sábà máa ń kọ orúkọ ìlú kan, a sì sinmi, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ń kà, ìtàn náà lè ṣẹlẹ̀ níbikíbi. Nínú ìtàn ìlàájá, ibùdó ìtàn gan-an ni ọ̀tá, òun náà sì ni olùrànlọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní ibi tí yóò sá gbà. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 ní kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Òfin lè mú ọmọ jókòó sí kíláàsì, kò lè mú un ṣí ìwé.

Òǹtẹ̀wé kì í fẹ́ tẹ ohun tí kò ní wọ inú ìwé tí wọ́n yàn fún ìdánwò, àwọn tí ń yàn án kò sì lè yan ohun tí wọn kò tẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni olùkọ́ dúró sí, òun ni òǹkọ̀wé sì ń gbọ́ ṣùtì rẹ̀. Kò pọn dandan kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà Crowther kò gùn. Olùkọ́ kan àti kíláàsì rẹ̀ lè tú u sí Yorùbá láàárín sáà kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ojú ìwé kan, kí wọ́n sì jiyàn lórí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún okùn, fún ọjà, fún ọkọ̀ náà, àti lórí bóyá ‘o’ ni àbí ‘ẹ’ ni ọmọ ìgbèkùn yóò wí fún ẹni tí ó ra òun.